Ẹni Tó Ń Tu Koríko

"Ó ti ṣí i!"

Bí Oníkọ̀ǹpútà ṣe pariwo báyìí, Ìyá Aránṣọ ju aṣọ tó ń ràn sílẹ̀, ó sì sáré bọ́ sí ìdí kọ̀ǹpútà. Látìgbà tí rédíò ti sọ pé omíyalé ṣọṣẹ́ lókè òkun níbi tí ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ń gbé ni oúnjẹ kò ti lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́. Ọmọ ọ̀hún kì í gbé fóònù. Ímeèlì ló máa ń kọ, kò sì sọ ìlú tó wà rí. Ìyá tí kò mọ ibi tí ọmọ òun sùn, oorun wo ló fẹ́ sùn?

Oníkọ̀ǹpútà, aládùúgbò rẹ̀, ló dá a lọ́gbọ́n pé kó fi fọ́tò kan ránṣẹ́ nínú líǹkì. Bí ọmọ bá ti tẹ̀ ẹ́, nọ́ńbà tí wọ́n ń pè ní IP á yọ, wọn á sì mọ ìlú tó wà.

Fọ́tò sàréè bàbá ọmọ náà ni ìyá yàn, torí ọmọ kò sí níbẹ̀ nígbà ìsìnkú. Ó ní wọn kò fún òun láàyè níbi iṣẹ́. Nígbà tí ìyá lọ ya fọ́tò náà láàárọ̀, ojú sàréè mọ́ tónítóní, kò sí koríko kan níbẹ̀. Ó dúpẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọlọ́dẹ itẹ́ òkú, àmọ́ ìyẹn ní òun kọ́.

"Níbo ló wà? Ṣé omi kò dé ibẹ̀?"

"Ẹ jókòó ná, Màmá."

"Jókòó kẹ̀? Sọ ọ́ jàre!"

"Ìlú wa níbí ló ń fi hàn."

"Ẹ̀rọ rẹ ti ya wèrè!"

"Kì í sọ ilé téèyàn wà, Màmá, ó lè fi ìlú kan pe ìkejì tó wà nítòsí. Àmọ́ kì í fo òkun. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi ara pamọ́, ṣé ìlú ìyá rẹ̀ ló máa fi hàn?"

Ìyá jókòó. Ó dùn ún dé eegun. Gbogbo òtútù òkè òkun tọ́mọ ń ròyìn nínú ímeèlì, irọ́ ni! Ṣé ó wà nílùú yìí lọ́jọ́ tí wọ́n gbé pósí bàbá rẹ̀ kọjá? Kí ló dé tó ń sá fún ẹnu ọ̀nà ìyá rẹ̀? Ó wá rántí ẹnu ara rẹ̀: "ọmọ mi tó wà lókè òkun," fún gbogbo oníbàárà, láàárọ̀ lálẹ́. Ikú yá ju ẹ̀sín.

"Ó tún ti ṣí i," Oníkọ̀ǹpútà rọra sọ. Kò pẹ́, ó tún ní, "Òun náà tún nìyẹn."

Ìyá tẹjú mọ́ fọ́tò náà, mọ́ ojú sàréè tí kò ní koríko. Omijé dà lójú rẹ̀.

"Bá mi kọ̀wé sí i," ó ní. "Sọ fún un pé ẹnì kan ń bá wa tu koríko ojú sàréè bàbá rẹ̀. Bó bá rí onítọ̀hún, kó bá mi kí i. Kó sọ fún un pé mo ní kó má jẹ̀ẹ́ kí òtútù mú un."

Oòrùn ń ràn ganrínganrín níta.