Ta Ló Fagi Lé Ìrìnàjò Náà?

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ìyá aránṣọ kan ti fura sí èyí nígbà tó rí i pé àga kan ṣoṣo ló kù fún oníbàárà ní ọ́fíìsì tó ti ra ìrìnàjò etíkun. Mẹ́fà ló wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wá. Ó fi ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin jókòó, òun dúró.

Ojú ẹ̀gbọ́n ń kú lọ. Dókítà ní agbára káká ni yóò fi ríran kọjá oṣù méjì sí i, òkun nìkan ni ẹ̀gbọ́n sì ní òun fẹ́ rí. Ìdí nìyẹn tí àbúrò fi ra gbogbo rẹ̀ pọ̀: bàálù, ilé ìtura, ọkọ̀ ojú omi. Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ló yẹ kí wọ́n gbéra.

"Ẹ̀yin màmá wa, ẹ káàbọ̀ o!" Ẹ̀rín akọ̀wé ọ́fíìsì náà kò kọjá eyín. Ó ti bébà kan síwájú wọn. "Ìṣòro kékeré kan ló yọjú. Ẹ ṣáà fọwọ́ síbí, a ó sún un sí oṣù mẹ́ta sí i."

Aránṣọ kà á bí ẹni ń wá ibi tí òwú ti tú lára aṣọ. "Wọ́n kọ ọ́ síbí pé èmi ni mo ní mi ò lọ mọ́. Ìgbà wo ni mo sọ bẹ́ẹ̀?"

"Ọ̀rọ̀ ìwé lásán ni, mà."

"Èmi náà ní ìwé lọ́wọ́." Ó fa ìwé àdéhùn yọ nínú báàgì. "Bí ẹ̀yin bá fagi lé e, ẹ ó dá owó wa padà. Bí àwa bá fagi lé e, a pòfo. Ta ló ń fagi lé e báyìí?"

Akọ̀wé bojú wo ilẹ̀kùn inú. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀, bébà tí àwọn mìíràn ti fọwọ́ sí ga gègèrè.

"Fún mi ní bírò," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Àbúrò mi, ojú mi ò lè dúró de àríyànjiyàn. Ká pẹ́ lọ sàn ju ká má lọ."

"Àǹtí mi, oṣù méjì ni dókítà sọ."

Ẹ̀gbọ́n di bírò mú, kò kọ nǹkan. Ó dẹtí sí ilẹ̀kùn inú. Ẹnìkan ń fa sẹ̀lótéèpù níbẹ̀, ó ń fà á, ó ń já a.

"Ọmọ mi," ló bi akọ̀wé ní pẹ̀lẹ́, "kí ni wọ́n ń dì sínú páálí?"

Ọmọkùnrin náà tún bojú wo ilẹ̀kùn inú. Ẹ̀gbọ́n gbé bírò sílẹ̀.

"Kọ ọ́ pé ẹ̀yin lẹ fagi lé e, kí o fọwọ́ sí i. Ojú mi ló ń fọ́, orí mi ò fọ́."

"Ẹ jẹ́ kí n pe ọ̀gá wá." Ó gbá gbogbo bébà tí wọ́n ti fọwọ́ sí mọ́ àyà, ó wọlé lọ.

Wọ́n dúró, dúró. Ilẹ̀kùn ẹ̀yìn pa dé gbàà, ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ kan bú. Lẹ́yìn ìyẹn, gbogbo rẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́.

Aránṣọ fa ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ́wọ́. "Ẹ dìde, Àǹtí. Ká dé ọ̀dọ̀ ọlọ́pàá kí wọ́n tó jìnnà."

Ẹ̀gbọ́n dìde, ó ń fọwọ́ táràrà wá ògiri. "Wọn ò ṣe tan iná níbí? Àbí ilẹ̀ ti ṣú ni?"

Oòrùn ọ̀sán ń ràn yòò lójú fèrèsé.