Ẹ́ńjìnnì Tó Ń Sùn Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Bẹ́ẹ̀dì Wa

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó ná, ẹ má tíì kí mi. Láti ìjẹta tí a ti sin Kàṣìmáawò, ẹni tó bá ti wọ inú ilé yìí á di ọwọ́ mi mú, á ní, "Wẹ́dà, ẹ kú aráfẹ́rakù o, àmúwá Ọlọ́run ni." Èmi náà á dáhùn. Ìdáhùn ọ̀hún ti sú mi. Ẹ ní títì ló burú, pé ìyẹn ló jẹ́ kí tírélà fa mọ́tò rẹ̀ bọ́ sí kòtò. Mo lá àlá kan lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo sì fẹ́ rọ́ ọ fún yín bó ṣe jẹ́ gan-an. Màmá, ẹ̀yin tẹ́ ẹ bí i, ẹ̀yin ni mo ń bá sọ̀rọ̀ jù. Bí mo bá rọ́ ọ tán, tẹ́ ẹ ní kí n dìde kúrò lórí ẹní yìí, màá dìde.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ọ̀nà jíjìn wá lè má mọ bọ́rọ̀ ṣe jẹ́. Àbúrò ìyàwó mi ni Kàṣìmáawò, apẹja sì ni. Ewé ti dí ojú ọ̀sà lọ́dọ̀ wa níhìn-ín, ọkọ̀ ò ríbi kọjá, ló bá pinnu pé òun á fi mọ́tò wọ́ ọkọ̀ òun gba orí ilẹ̀ lọ síbi tí omi gbé là. Ó ra tírélà tòkunbọ̀ kan, onítáyà méjì, irú èyí tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ ojú omi. Ọkọ̀ òyìnbó tí wọ́n ṣe é fún kò jọ tiwa rárá. Ó gbé e wá fún èmi ajórin pé kí n tún un ṣe kó bá ọkọ̀ òun mu. Mo tú pákó tí ọkọ̀ ń sùn lé, mo tún ibi tí imú ọkọ̀ ń fara tì jó, mo sún táyà. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi ṣe é. Ẹ sì mọ bí a ti ń ṣe létí omi, kò sẹ́ni tó ń fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ ní ìdí ọkọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, olè á tú u lọ. Ilé ni ẹ́ńjìnnì ń sùn. Torí pé ilé mi ló sún mọ́ omi jù, ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi ni ti Kàṣìmáawò ti ń sùn láti ọdún mẹ́rin. A tiẹ̀ ń fi aṣọ bò ó.

Lọ́jọ́ Ọjọ́bọ̀ yẹn, mo gbé ọkọ̀ lé tírélà ní kùtù, mo wò ó yíká, ó dọ́gba. Mo jẹun ọ̀sán, mo ní kí n fẹ̀yìn lélẹ̀ díẹ̀ kí Kàṣìmáawò tó wá gbé e. Bí oorun ṣe gbé mi lọ nìyẹn.

Mo rí i pé bẹ́ẹ̀dì mi ti ní táyà méjì. Kò yà mí lẹ́nu, mo kàn tẹ̀ wọ́n wò bóyá atẹ́gùn inú wọn tó. Ọkọ̀ Kàṣìmáawò ló dùbúlẹ̀ sórí rẹ̀, ó fi aṣọ ìbora ìyàwó mi bora dé ọrùn, ó ń mí bí ẹni tí ibà ń ṣe.

Ó ní, "Wẹ́dà, pákó ọwọ́ òsì ń gún mi níhà."

Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́. Ẹ yíra padà díẹ̀." Mo fi sípánà tú nọ́ọ̀tù, mo sọ pákó kalẹ̀, mo tún kápẹ́ẹ̀tì wé e lára. "Ti ọ̀tún ńkọ́?"

"Ti ọ̀tún dára. Ìdí mi ló yọ síta."

Mo wo ìdí rẹ̀. Lóòótọ́ ni, ó yọ kọjá pákó ní ìgbọ̀nwọ́ kan. Mo sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, kò sí ẹrù níbẹ̀, afẹ́fẹ́ lásán ni. Ọkọ̀ náà fa aṣọ borí.

Mo ní kí n wá omi mu, àfi bí mo ṣe rí i pé omi ti kún inú yàrá dé orúnkún, ewé sì bò ó. Ọ́fíìsì kan léfòó bọ̀ lórí ewé náà, tòun ti tábìlì, àga mẹ́ta àti àsíá. Wọ́n kọ ọ́ sí ẹnu ọ̀nà rẹ̀ pé Ilé Iṣẹ́ Tó Ń Rí Sí Ọkọ̀ Omi Tó Bá Gba Orí Ilẹ̀. Akọ̀wé méjì jókòó níbẹ̀. Ọ̀gá ibẹ̀ de táì, ó ká ṣòkòtò sókè kí omi má bàa bà á jẹ́. Mo dọ̀bálẹ̀ fún un, mo sì ti ibẹ̀ mu omi tí mo ń wá.

"Ìwọ lo tún tírélà yìí ṣe?"

"Èmi ni, ọ̀gá."

"O ti wọn ọkọ̀?"

"Mo ti wọ̀n ọ́n, ọ̀gá."

"Ẹni mélòó ló ń sùn nínú yàrá yìí?"

"Èmi àti ìyàwó mi."

"Ẹ̀yin méjì péré?"

Nǹkan kan wúkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo gbọ́ ọ. Gbogbo wa la gbọ́ ọ. Mo ní, "Àwa méjì péré ni, ọ̀gá."

Inú ọ̀gá dùn pé ọ̀rọ̀ ò pọ̀. Ó gbé òǹtẹ̀ kó fi tẹ ìwé àṣẹ mi, ṣùgbọ́n dípò kó tẹ̀ ẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ìwé náà. Bó ṣe ń jẹ ẹ́ ni irùngbọ̀n ń hù, ìwo ń yọ, àmọ́ táì ò kúrò lọ́rùn rẹ̀. Ó di òbúkọ. Àwọn akọ̀wé rẹ̀ méjèèjì wojú ara wọn, àwọn náà di ewúrẹ́, torí kò bójú mu kí ọ̀gá nìkan di ẹran. Mo dúró, mo ń retí ìwé mi. Ṣé ẹni tó bá ti lọ sí ọ́fíìsì rí máa ní òun ò rí irú rẹ̀ ni? Òbúkọ náà fi ẹnu gbé òǹtẹ̀, ó gbé e lu iwájú orí mi. Ohun tó wà lára òǹtẹ̀ ni: Ó dára, máa lọ.

Ìgbà yẹn ni ẹ́ńjìnnì dìde. Ó ti ró aṣọ tí a fi ń bò ó mọ́ra, ó ń nu epo lẹ́nu. Ẹ̀rù ò bà mí, ojú ló tì mí. Àgbàlagbà tó ti bá ọ gbé fún ọdún mẹ́rin, o wá sọ fún àlejò pé kò sí nílé.

Ó ní, "Wẹ́dà, o wọn ọkọ̀, o wọn pákó, o wọn okùn. Èmi ńkọ́?"

"Ẹ má bínú, sà. Ẹ ń sùn ni."

"Ẹni tó bá ń sùn, ṣé kì í wúwo ni?"

Ó ní kò burú, òun ń lọ síbi iṣẹ́ òun. Ó rìn lọ sí ìdí ọkọ̀, ó jókòó síbi tí mo pè ní afẹ́fẹ́ lásán. Ẹ̀yin èèyàn mi, ibi ìrọ̀rí bẹ́ẹ̀dì bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra nílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni imú tírélà, ibi tí wọ́n fi ń kọ́ mọ́tò. Ó yẹ kó wúwo kó lè tẹ ẹ̀yìn mọ́tò mọ́lẹ̀. Bí ìdí bá wúwo jù tí imú fúyẹ́, tírélà á máa fì síhìn-ín fì sọ́hùn-ún lójú títì títí á fi gba mọ́tò lọ́wọ́ awakọ̀. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yìí lánàá mọ̀ ọ́n. Mo rọ̀ mọ́ imú náà, mo fi gbogbo ara tẹ̀ ẹ́, ló bá gbé èmi náà lọ sókè.

Láti òkè, mo rí i pé wọ́n ti sá títì sórí okùn bí aṣọ, omi ń kán lára rẹ̀. Kàṣìmáawò ń wa mọ́tò lọ lórí rẹ̀, àpótí ìdáná Màmá ló jókòó lé, tírélà wà lẹ́yìn rẹ̀, èmi sì rọ̀ mọ́ ọn. Ó gbójú sókè, ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rẹ́rìn-ín, tí á fi ọwọ́ bo eyín tó kán yẹn.

"Ẹ̀gbọ́n, kí lẹ ń wá lókè yẹn? Ẹ sọ̀ kalẹ̀, ẹ lọ sinmi. Iṣẹ́ yín ti tán."

Mo fẹ́ sọ fún un pé kó dúró, kó jẹ́ kí n sún táyà yẹn sẹ́yìn ní ìgbọ̀nwọ́ kan, kò lè gbà wá ju wákàtí kan lọ. Mo lanu, ohùn òbúkọ ló jáde. "Ó dára, máa lọ." Mo tún lanu. "Ó dára, máa lọ." Kàṣìmáawò juwọ́ sí mi, ó tẹná mọ́tò. Tírélà bẹ̀rẹ̀ sí í fì. Àwọn ewúrẹ́ méjèèjì dúró létí títì, wọ́n ń wò wá, wọ́n ń jẹ ewé. Ó dùn mí wọ egungun. Mo ń sunkún, ṣùgbọ́n ohun tó ń jáde lẹ́nu mi ò yí padà.

Ìró búrọ́ọ̀ṣì ló jí mi. Oòrùn ọ̀sán ṣì ń mú. Ìyàwó mi ló kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó ń fi ọṣẹ fọ àbàwọ́n epo tó ti gbẹ mọ́ sìmẹ́ǹtì. Inú rẹ̀ ń dùn, ó ní ẹ wò ó bí yàrá ṣe fẹ̀.

Mo ní, "Kàṣìmáawò dà?"

Ó ní, "Ó ti lọ tipẹ́. Òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló wá gbé ẹ́ńjìnnì. Ẹ ń hanrun, ó ní kí n má jí yín. Wọ́n ti dè é mọ́ ìdí ọkọ̀." Ó bu omi sí ilẹ̀, ó ń fọ̀ ọ́ lọ. "Ó ní kí n bá òun dúpẹ́ lọ́wọ́ yín gan-an, Bàbá Rẹ̀mílẹ́kún. Ó ní tírélà yẹn mà fúyẹ́ o, ọwọ́ kan péré lòun fi gbé imú rẹ̀ kọ́ mọ́tò."