Ìlà Róòmù Nínú Ẹrẹ̀ Dallas

Ẹlòmíràn a gbé iṣu àti oyin lọ sílé àna. Èmi Ọláoyè, asà Róòmù ni mo gbé, nínú òjò, ní Dallas.

Bàbá Fèyísọ́lá, ọmọbìnrin tí mo fẹ́ fi ṣaya, ló fà á. Apòògùn tó ti fẹ̀yìn tì ni Bàbá Akínọlá, Plano lẹ́bàá Dallas ni wọ́n ń gbé, kò sì sí ohun tí wọ́n fẹ́ràn tó ogun àtijọ́. Lẹ́ẹ̀kan lóṣù, àwọn kan máa ń pàdé ní pápá kan lẹ́bàá odò, wọn a fi ohun ìjà onígi ṣeré ogun tí àwọn ọmọ ogun Róòmù bá àwọn ẹ̀yà Jámánì jà ní bí ẹgbàá ọdún sẹ́yìn. Bàbá ni olórí àwọn Jámánì. Odindi oṣù mẹ́fà ni mo fi bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí àwọn òbí mi wá tọrọ ọmọ wọn, wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ ni, wọn ò sọ bẹ́ẹ̀ kọ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní kí n wá ṣe olórí àwọn Róòmù. Bí ìlà àwọn ọmọ ogun mi bá dúró láìtú títí fèrè ìparí eré fi dún, kí n mú àwọn ènìyàn mi wá.

Mo kàwé títí ojú fi ń ta mí. Mo mọ̀ pé lórí ilẹ̀ gbalasa, ó ṣòro kí ẹnikẹ́ni tó fọ́ ìlà Róòmù: asà ńlá á fara kan asà, ọ̀kọ̀ á yọ láàárín. Ohun tí mi ò kà mọ́ ọn ni òjò Texas. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ló fi rọ̀. Bàbá sì lọ mú ọ̀nà tóóró kan láàárín igbó àti odò, níbi tí àwa ogún ò ti lè tò ju mẹ́rin-mẹ́rin lọ. Asà mi mu omi, ó wúwo bí ilẹ̀kùn. Àwọn ará Róòmù gan-an máa ń fi awọ bo tiwọn, èmi ò bo tèmi. Amọ̀ dúdú lẹ̀ mọ́ ìṣó abẹ́ sálúbàtà mi, ẹ̀wù irin ń fà mí sílẹ̀. Àwọn Jámánì ò wọ ohun tó wúwo. Wọ́n ń sáré jáde látìdí igi, wọ́n á gún wa, wọ́n á sá padà, wọ́n á tún máa fi wá ṣẹ̀sín. Inú bí mi débi pé mo gbàgbé òtútù.

Síbẹ̀, a dúró. Mo ní kí wọ́n fi èjìká ti èjìká, kí wọ́n má lé ẹnikẹ́ni. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún péré. Ni Bàbá Akínọlá, ẹni àádọ́rin ọdún, bá sáré bọ̀ wá bá mi tààrà, ẹsẹ̀ wọn yọ̀, wọ́n ṣubú yakata síwájú mi, irùngbọ̀n funfun nínú ẹrẹ̀.

Tọ́láṣe ọ̀rẹ́ mi, tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, rọra sọ pé kí n má mira, eré ni. Èmi náà mọ̀ pé eré ni. Ṣùgbọ́n irú ọmọ wo ni yóò dúró máa wo àgbà nílẹ̀? Kí n tó ronú, asà ti bọ́ lọ́wọ́ mi, mo ti bẹ̀rẹ̀, mo ti di wọ́n mú lábíyá.

“Daddy, ẹ pẹ̀lẹ́ sà. Ṣé ẹ ò fara pa?”

Àyè tí mo fi sílẹ̀ ni àwọn Jámánì gbà wọlé. Kí n tó gbójú sókè, ìlà ti tú, Tọ́láṣe ti wà nínú odò, fèrè sì dún. Ẹ̀bẹ̀ oṣù mẹ́fà wọmi. Ó dùn mí débi pé mi ò lè wo ojú Fèyísọ́lá tó dúró lábẹ́ agboòrùn.

Bàbá dá dìde, wọ́n gbọn ẹrẹ̀ dànù, wọ́n ń rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ló tó yé mi pé ẹsẹ̀ wọn ò yọ̀ rárá. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣubú ni. Mo fi ìbínú sọ fún wọn pé èyí ò sí nínú ìwé kankan.

“Igbó àti òjò ni àwọn Jámánì fi borí àwọn Róòmù nígbà yẹn,” ni wọ́n wí. “Èmi fi ẹ̀kọ́ ilé tìẹ kún un. Ká ní o fi mí sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀ yẹn, line rẹ ìbá dúró, but mi ò ní fún ẹ lọ́mọ mi. Sọ fún àwọn parents rẹ kí wọ́n wá ní Saturday.”

Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja síbẹ̀. Ẹ̀wù irin ò jẹ́ kí n lè dìde mọ́. Jámánì méjì ló fà mí sókè.