Ohùn Tó Mọ Oríkì Mi

Iṣẹ́ ìwé dídì ni mo fi ogójì ọdún ṣe. Abẹ́rẹ́, òwú, àtè àti irin tí a fi ń tẹ ìwé pọ̀ ṣì wà nínú yàrá ẹ̀yìn ilé mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú kò jẹ́ kí n lè fi òwú bọ abẹ́rẹ́ mọ́. Láyé ìyàwó mi, kì í wá sí yàrá yìí láti pè mí jẹun. Láti ilé ìdáná ni yóò ti sọ̀rọ̀ sínú fóònù, tí yóò fi ohùn náà ránṣẹ́ sí mi lórí ìkànnì ayélujára. Yóò kọ́kọ́ pe oríkì mi, yóò wá ní: "Oúnjẹ ń tutù o. Àbí ìwé lẹ ó jẹ ni?" Ó di ọdún kẹta tí ó ti lọ. Ohùn rẹ̀ mẹ́rìnlélígba wà lórí ìkànnì náà, n kò sì ní in níbòmíràn.

Orí ìkànnì yìí náà ni Péńpé ti wá mi rí. Orí bẹ́ǹṣì kan náà ni àwa méjèèjì jókòó sí nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó lé ní àádọ́ta ọdún tí n kò ti gbúròó rẹ̀. Àwòrán àtijọ́ tí gbogbo kíláàsì jọ yà ni ó fi sí ojú àkáǹtì rẹ̀, inú mi sì dùn bí ẹni tó rí ọmọ ìyá rẹ̀ tó ti sọnù. Láràárọ̀ ni ó ń béèrè ọ̀rọ̀ àtijọ́ láàárín agbo àwa akẹgbẹ́ ilé ẹ̀kọ́ lórí ìkànnì náà. Kí ni ìnagijẹ ọ̀gá wa àgbà? Òpópónà wo ni ilé yín wà nígbà náà? Oríkì wo ni ìyá àgbà fi ń pè ọ́? Èmi ni mo máa ń kọ́kọ́ dáhùn, n kì í sì í dáhùn ní ṣókí. Mo kọ̀wé nípa òjò tó ká wa mọ́ abẹ́ àtíbàbà, àti nípa ewúrẹ́ tó jẹ ìwé orúkọ wa. Nígbà tí mo dé orí ìyá àgbà, mo kọ bí ojú ìwé méjì. Ta ni a ó béèrè oríkì rẹ̀ tí orí rẹ̀ kò ní í wú? Ìyá àgbà ti kú. Ìyàwó mi tó jogún pípè náà ti kú. Ọmọ kò sì jẹ́ pe baba rẹ̀ bẹ́ẹ̀.

N kò rántí pé oríkì náà gan-an ni mo fi ṣe ìdáhùn ìbéèrè àṣírí tí ìkànnì fi ń dá ẹni tó ni àkáǹtì mọ̀, lọ́jọ́ tí ọmọbìnrin mi bá mi ṣí tèmi.

Ní ìyálẹ̀ta ọjọ́ kan, fóònù mi dún. Nọ́ńbà mẹ́fà ni ìkànnì fi ránṣẹ́ sí mi. Kí n tó wádìí rẹ̀, ìpè wọlé. Ohùn ọkùnrin kan pe oríkì mi jẹ́jẹ́. Omi lé sí mi lójú.

"Péńpé!"

"Èmi ni, ọ̀rẹ́ẹ̀ mi. Àgbà dé, ojú ò ríran mọ́. Nọ́ńbà tèmi ni mo ṣèèṣì darí sọ́dọ̀ rẹ. Bá mi kà á, jọ̀ọ́."

Mo gbé awò ojú wọ̀. Bí mo ti la ẹnu ni ọmọbìnrin mi, tó ń nu pẹpẹ ìwé lẹ́yìn mi, fi ọwọ́ bo fóònù.

"Bàbá, ta nìyẹn?"

"Péńpé ọ̀rẹ́ mi ni. Ó pe oríkì mi!"

"Ibo ló ti gbọ́ ọ?"

"Èmi ni mo kọ ọ́ sínú agbo wa."

"Kọ́kọ́rọ́ ilé lẹ gbé kọ́ sí ìta gbangba yẹn. Nọ́ńbà yìí nìkan ló kù fún un. Tẹ́ ẹ bá kà á, ó wọlé, ẹ̀yin á wà níta, gbogbo ohùn Màámi á sì bá a lọ."

"Bó bá jẹ́ òun ní tòótọ́ ńkọ́? Ṣé ọ̀rẹ́ mi ni kí n wá tilẹ̀kùn mọ́?"

"Ẹ bi í ní nǹkan tẹ́ ẹ ò tíì kọ síbẹ̀."

Ohun tí n kò tíì kọ! Ẹnu mi ti kó gbogbo rẹ̀ tán. Mo ronú títí, mo wá fi ojú inú rí ọwọ́ kékeré kan lórí tábìlì kíláàsì wa, tí pàṣán olùkọ́ ń bà lé nítorí pé ọwọ́ òsì ni Péńpé fi ń kọ̀wé. Èmi ni mo jókòó sí òsì rẹ̀. Ìgbà gbogbo ni ìgúnpá wa ń forí gbárí.

"Péńpé, ọwọ́ wo lo fi ń kọ̀wé?"

Ó rẹ́rìn-ín. "Ìbéèrè wo nìyí? Ọwọ́ ọ̀tún ni. Ọwọ́ wo lèèyàn tún fi ń kọ̀wé? Nọ́ńbà dà?"

"Lọ gbà á lọ́wọ́ Péńpé," ni mo wí, mo sì gé ìpè náà.

Ọmọ mi bú sẹ́rìn-ín. Èmi kò lè rẹ́rìn-ín. Ohùn ìyàwó mi kò lọ, ṣùgbọ́n Péńpé tún sọnù lẹ́ẹ̀kejì.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, a pààrọ̀ ọ̀rọ̀ aṣínà, a sì dé orí ìbéèrè àṣírí.

"Ẹ fi irọ́ síbẹ̀," ni ọmọ mi wí.

"Kí n pa irọ́ mọ́ ìyá àgbà?"

"Ẹ̀rọ ni, Bàbá. Kò mọ ìyá àgbà rí."

Mo pa irọ́ náà. Lẹ́yìn náà ni mo bẹ̀rẹ̀ sí pa àwọn ìtàn mi rẹ́ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń ka ìkọ̀ọ̀kan kí n tó pa á. Mo kan èyí tí ìyá àgbà ti ń kọ́ mi ní òǹkà pẹ̀lú ìka ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọmọ mi di ọwọ́ mi mú.

"Ẹ dúró ná. Ẹ ò sọ èyí fún mi rí."

Ó fa àga sún mọ́ mi. Mo kà á fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, mo sì fi èyí tí n kò kọ kún un.