Ẹnu-Ọ̀nà Àdáni Ọ̀gá Bang

"Ó tún ti kú," ni Dukyong wí, ó sì ti àga rẹ̀ sẹ́yìn. "Ẹ̀gbọ́n, bó ṣe kú lánàá gan-an ló tún ṣe kú."

Serin, tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ní ẹ̀ka kọ̀ǹpútà yunifásítì, gbójú sókè sí ara ògiri. Aago mẹ́sàn-án ti kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ní aago mẹ́wàá géérégé, ẹgbẹ̀rún mọ́kànlá akẹ́kọ̀ọ́ yóò tẹ bọ́tìnnì kan náà láti gba ààyè sí kíláàsì. Láti àárọ̀ ni wọ́n ti kún inú ilé kọ̀ǹpútà tó wà lẹ́nu géètì, tí wọ́n ń wo aago. Bí sáfà, kọ̀ǹpútà ńlá tó ń gbé iṣẹ́ náà, bá kú mọ́ wọn lọ́wọ́, gbogbo ìlú Degu ni yóò gbọ́ kí ọ̀sán tó pọ́n, àwọn aláṣẹ yóò sì wá ẹni tí wọn yóò di ẹrù náà rù. Ọdún kan-ọdún kan ni wọ́n ń gba Serin síṣẹ́ níbẹ̀. Ìparí oṣù yìí ni tirẹ̀ yóò pé. Ó mọ orí tí ẹrù náà ń bọ̀ wá bá.

Àádọ́ta ẹnu-ọ̀nà ni sáfà náà ní sínú àká dátà, gbogbo ojú ìwé yunifásítì ló sì jọ ń lò ó: ìforúkọsílẹ̀, ilé ìkàwé, títí dé èyí tó ń sọ ohun tí wọ́n sè ní káńtíìnì. Òfin ibẹ̀ kò le: wọlé, mú ohun tí o wá mú, jáde kí ẹlòmíràn lè wọlé. Serin wo àwọn tó wà nínú ilé. Ojú ìwé kan ṣoṣo ló dí mọ́kànlélógójì nínú àwọn ẹnu-ọ̀nà náà, bí àlejò tó jẹun tán tí kò rántí pé òun nílé.

"Ta ló ni ín?"

Serin yí kọ̀ǹpútà sí i. Dukyong fọwọ́ bo ẹnu.

Ìkíni Ààrẹ Yunifásítì ni. Ọ̀gá Bang, olórí ẹ̀ka wọn, ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Ó ti tó ogún ọdún tí Ọ̀gá ti fi kóòdù sílẹ̀ fún ìpàdé, ṣùgbọ́n nítorí àjọ̀dún yunifásítì, ó ká apá aṣọ sókè, ó kọ ọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ó sì ń fi í han àlejò bí ẹni ń fi àkọ́bí hàn. Kò sẹ́ni tó yẹ iṣẹ́ náà wò. Ní ẹ̀ka yẹn, wọn kì í yẹ iṣẹ́ àgbà wò. Wọn a kí i kú iṣẹ́.

"Ẹ pa á kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́," ni Dukyong wí.

"Yóò mọ̀. Ó ń ṣí i nígbà mẹ́wàá lójúmọ́. Nínú mọ́kànlélógójì yìí, òun nìkan á tó ìdajì."

Yàtọ̀ síyẹn, lọ́jọ́ ìforúkọsílẹ̀, kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan fáìlì ètò àjùmọ̀lò láìgba àṣẹ Ọ̀gá Bang. Serin dìde.

Ó bá a níwájú gíláàsì fèrèsé, ó ń tún táì rẹ̀ ṣe. Ààrẹ ń bọ̀ wá wòran.

"Ọ̀gá, Ìkíni tí ẹ kọ ti gbajúmọ̀ jù."

Ọwọ́ Ọ̀gá dúró lára táì. "Báwo?"

"Ẹnu-ọ̀nà kan náà lòun àtàwọn oníkáńtíìnì jọ ń dù. Kò yẹ ẹ́. Bí ẹ bá fọwọ́ sí i, màá ya ẹnu-ọ̀nà àdáni méjì sọ́tọ̀ fún un."

"Àdáni!" Ó ronú díẹ̀. "Kí ló dé tí kò ṣe márùn-ún?"

"Ọ̀gá, ẹni ńlá kì í bá èrò wọlé."

"Òótọ́ ni," ni Ọ̀gá Bang wí, ó sì buwọ́ lù ú.

Serin kọ ètò tuntun náà, ó pa sáfà, ó tún tàn án. Aago mẹ́wàá lù. Ẹnu-ọ̀nà méjìdínlógójì dí, mẹ́rìnlélógójì, mẹ́tàdínláàádọ́ta. Dukyong di etí tábìlì mú. Mẹ́tàdínláàádọ́ta síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ogójì. Ọgbọ̀n. Wọ́n ń wọlé, wọ́n ń jáde. Nígbà tó fi di ìṣẹ́jú mẹ́jọ, kíláàsì tó gbayì jù ti kún, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ti ń bú olùkọ́ dípò sáfà. Ìgbà yẹn ni Serin mọ̀ pé òun kò tíì mí dáadáa láti àárọ̀. Ó mí, ẹ̀rín sì bá a jáde.

Ọ̀gá Bang sin Ààrẹ dé ẹnu ọ̀nà, ó padà wá dúró lẹ́yìn àga Serin.

"Mo fẹ́ fi Ìkíni han Ààrẹ. Ó ń yí, ó ń yí, kò ṣí. Mo sọ fún un pé èrò ló pọ̀."

Dukyong wá nǹkan lọ sábẹ́ tábìlì.

"Serin, ẹnu-ọ̀nà àdáni tí o fún mi yẹn, ṣé iyì ni, àbí o kàn tì mí mọ́lé?"

Irọ́ tó dára wà lẹ́nu Serin. Ó gbé e mì.

"Méjèèjì ni, Ọ̀gá. Ẹ má bínú."

Ọ̀gá Bang wò ó. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ látinú ikùn rẹ̀, títí táì fi ń mì. "Nígbà tí mo wà nípò rẹ, mo bú ẹnì kan tó ṣe irú àṣìṣe mi yìí títí ó fi sunkún." Ó wọ́ àga kan. "Fi ìlà kóòdù tí mo ṣì kọ hàn mí. Kí o sì kọ ọ́ sínú ìròyìn pé èmi ni mo ṣe àṣìṣe náà. Wọn á bi mí ta ló rí i, mi ò sì fẹ́ dárúkọ ẹni tí kò ní sí níbí lóṣù tó ń bọ̀. Nítorí náà, o ò lọ ibì kankan."

Serin sún àga tirẹ̀ díẹ̀, kí Ọ̀gá lè ráyè jókòó.