Ọ̀já Ẹsẹ̀ Tó Gùn Jù

Láti Ọjọ́ Ajé títí dé Ọjọ́ Ẹtì, orí kọ́tìnì ilé onílé ni aránṣọ máa ń tẹ̀ ba sí, tí ọrùn á fi máa ro ó. Ṣùgbọ́n tí Sátidé bá ti mọ́, ọmọ orí omi ni.

Ọkọ̀ ìgbòkun kékeré kan ló wà láàárín òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, tó jẹ́ olùkọ́. Àwòdì ni wọ́n ń pè é. Ènìyàn méjì péré ló ń gbà, kò ní ẹ́ńjìnnì, ṣùgbọ́n tí atẹ́gùn bá gbá a mú, eré tó ń sá kì í ṣe kékeré. Ẹ̀gbọ́n ló ń di ìtọ́kọ̀ mú. Ti aránṣọ ni láti jókòó sí etí ọkọ̀, kó ki ẹsẹ̀ bọ abẹ́ ọ̀já tó wà nílẹ̀ ọkọ̀, kó wá na gbogbo ara sẹ́yìn sórí omi, kí atẹ́gùn má bàa dojú ọkọ̀ dé. Níbẹ̀, tí irun rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan ìgbì, tí omi ń fọ́n sí i lójú bí ẹni ń bá a ṣeré, ni ayé máa ń dùn mọ́ ọn. Òun fúnra rẹ̀ ló rán ìgbòkun náà, oṣù mẹ́rin gbáko. Sátidé tó ń bọ̀ ni ìdíje ńlá, ó sì ti ń lá àlá rẹ̀ láti ọdún tó kọjá.

Ọkọ rẹ̀ sìn wọ́n dé etí omi láàárọ̀ Sátidé tó ṣáájú ìdíje, bó ṣe máa ń ṣe, táwẹ́lì léjìká. Ó ga débi pé Òpó-iná ni gbogbo àdúgbò ń pè é, ṣùgbọ́n ó ní òun bẹ̀rù omi bí ológbò.

"Òpó-iná, o ò ní bá wa lọ lónìí náà?" ni Ẹ̀gbọ́n wí.

"Èmi kẹ̀? Omi inú báàfù gan-an, mo máa ń kí i kí n tó wọ̀ ọ́."

Aránṣọ rẹ́rìn-ín títí.

Wọ́n ti jìnnà díẹ̀ kí atẹ́gùn tó dé gidi. Aránṣọ ki ẹsẹ̀ bọ ọ̀já, ó na ara sẹ́yìn, ìdí rẹ̀ sì wọnú omi gbọ̀ọ́. Ọ̀já náà ti gùn jù. Bẹ́ẹ̀, òun ló fi téèpù wọ̀n ọ́n, bí ẹni wọn aṣọ ìyàwó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ta ló fọwọ́ kan ọ̀já yìí?"

"Òjò ni. Òjò ló fà á gùn."

Ó wo ìdí ọ̀já. Wọ́n ti tú kókó rẹ̀, wọ́n sì tún un ta ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan síwájú. Òjò kì í ta kókó. Ẹlẹ́sẹ̀ gígùn ló ta eléyìí.

Ìgbà náà ló rántí Ọjọ́rú. Ọkọ rẹ̀ ń tiro wọlé. Awọ orí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì ti bó, ní ọ̀gangan ibi tí ọ̀já ti máa ń bó tòun náà. Ó ní bàtà tuntun ló há. Aránṣọ fúnra rẹ̀ ló fi ìpara pa á fún un, tó ń fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, tó tún ń ṣépè fún bàtà.

Omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Ó yọ ẹsẹ̀ nínú ọ̀já, ó wọnú ọkọ̀, ó jókòó jẹ́jẹ́ bí àlejò. Kò sì tú okùn ìgbòkun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni Àwòdì dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí omi bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

"Kí lò ń ṣe? Jáde síta! Ọkọ̀ ń dojú dé!"

"Ta ló ń jókòó síbí lọ́jọ́rú, Ẹ̀gbọ́n mi?"

"Ṣé orí ẹ pé ṣá? Jáde!"

"Mo gbọ́. Ta ni?"

Omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ wọn.

"Ọkọ ẹ ni! Ó tó, ọkọ ẹ ni! Jáde, mo bẹ̀ ẹ́!"

Aránṣọ padà sí etí ọkọ̀. Àwòdì gbérí.

"Ó ti tó oṣù mẹ́ta," ni Ẹ̀gbọ́n wí, láìwo ojú rẹ̀. "Ọ̀sẹ̀ yìí la gbàgbé láti dá ọ̀já padà sí ìwọ̀n tìẹ. O fúyẹ́ jù. Tí atẹ́gùn bá le, o ò lè dá ọkọ̀ yìí dúró. Òun lè dá a dúró. Orúkọ rẹ̀ la ti fi sílẹ̀ fún ìdíje. Kò sí nǹkan mìíràn láàárín wa o, mo fi Ọlọ́run búra. A kàn fẹ́ borí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo."

"Ìgbà wo lẹ fẹ́ sọ fún mi?"

"Òun ló ní ká má tíì sọ. Ó ní inú ẹ á bà jẹ́."

Ká ní àgbèrè ni, ì bá tètè yé e; ọmọ aráyé ń ṣe ìyẹn. Ṣùgbọ́n àwọn méjèèjì jókòó, wọ́n gbé e sórí ìwọ̀n bí ẹran, wọ́n ní kò tó. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wá ń fi omi báàfù pa á lẹ́rìn-ín.

Wọ́n yí orí ọkọ̀ padà. Àwòdì fò. Wọn ò sáré tó bẹ́ẹ̀ rí. Omi ń dún lábẹ́ wọn bí aṣọ tuntun tí wọ́n ń fà ya, ìgbòkun yọ ikùn bí aboyún, kò sì sí ojú rírán kan tó tú. Adùn rẹ̀ kò dín, ohun tó bí i nínú jù nìyẹn.

Òpó-iná ń dúró létí omi. "Ìyàwó mi, báwo lomi?"

"Ẹ bọ́ bàtà yín."

"Kí ló dé?"

"Ẹ bọ́ ọ, kí n wò ó bóyá egbò yẹn ti ń jinná."

Ó wo Ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n ń wo iyanrìn. Kò bọ́ bàtà.

Aránṣọ kò gba táwẹ́lì. Ó tú ìgbòkun sọ̀ kalẹ̀, ó ká a dáadáa bí aṣọ oníbàárà tó ti parí, ó fi í sábẹ́ apá.

"Níbo lò ń gbé e lọ?" Ẹ̀gbọ́n pariwo. "Kí la máa fi díje?"

"Ẹ ti rí ẹni tó wúwo. Ẹ lọ wá ẹni tó ń rán aṣọ."

Ó kọjú sí títì. Atẹ́gùn yọ́ wá láti iwájú, ó wọ igun ìgbòkun kan, ó fẹ́ ẹ, ó ń fà á padà sọ́dọ̀ omi. Ó fúyẹ́ lóòótọ́. Díẹ̀ ló kù kó tẹ̀ lé e. Ó gbá aṣọ náà mọ́ àyà, ó ń lọ.