Ọbẹ̀ Peng Lábẹ́ Odò

"Ẹ mu díẹ̀ níbẹ̀, Màmá." Ọmọbìnrin sìkiọ́rítì tó ń yẹ ẹrù wò lẹ́nu ọ̀nà ibùdókọ̀ ojú irin na fúláàsì padà sí i.

Tan Xiuzhen kò gbà á. "Èmi? Kí n mu ún? Ọbẹ̀ ọkọ mi ni! Ọdún méje rèé tó ti kú. Gbogbo ìlú Wuhan ló ń lọ gbálẹ̀ sàréè lónìí, àbí ìwọ ò ní òkú ni?"

"Mo ní, Màmá. Àmọ́ òfin ni. Ohunkóhun tó bá ń ṣàn, ẹni tó gbé e gbọ́dọ̀ tọ́ ọ wò lójú wa kó tó wọ ọkọ̀ ojú irin."

Inú bí Xiuzhen. Láti àná ló ti ń se egungun ẹlẹ́dẹ̀ àti gbòǹgbò òṣíbàtà, kó lè dé ibojì kí ọ̀sán tó pọ́n. Oúnjẹ òkú ni, alààyè kì í sì fẹnu kàn án ṣáájú. Odindi fúláàsì ló máa ń dà sílẹ̀ fún Peng, ọkọ rẹ̀, lọ́dọọdún, kì í ṣẹ́ ẹ̀kán kan kù. Ọkọ̀ ojú omi ló máa ń wọ̀ sọdá odò Yangtze, ṣùgbọ́n kùrukùru bo odò láàárọ̀ yìí, wọn ò jẹ́ kí ọkọ̀ kankan gbéra. Ló bá di dandan kó wọ ọkọ̀ ojú irin tó ń gba abẹ́ odò.

"Ṣé o mọ ẹni tó gbẹ́ ihò tí ọkọ̀ yín ń gbà kọjá? Ọkọ mi wà lára wọn! Ọdún mẹ́ta gbáko ló fi ń sọ̀ kalẹ̀ sábẹ́ odò yìí, tí ẹrẹ̀ ń wọ̀ ọ́ létí. Ta ló dá a dúró nígbà yẹn?"

"Ìyá, ẹ ṣàánú wa," ọkùnrin kan pariwo lẹ́yìn, tòun ti òdòdó lọ́wọ́. "Òkú tiwa náà ń dúró. Ẹ gbé e mì, kẹ́ ẹ máa lọ."

"Pa ẹnu ẹ dé!"

Wọ́n ní ẹni bá da omi síwájú á tẹ ilẹ̀ tútù. Peng da omi síwájú, kí wá ni ìyàwó rẹ̀ ń tẹ̀? Kò sí orúkọ Peng lára ògiri dídán ibùdókọ̀ náà. Àwòrán ìpolówó ìpara ojú ló kún un.

Xiuzhen já fúláàsì gbà. Ó bu ọbẹ̀ kún ìdérí rẹ̀, ó tẹjú mọ́ ọmọbìnrin náà kí ojú lè tì í, ó sì mu ún.

Ó dúró. Ó tún mu díẹ̀ sí i.

Ọbẹ̀ náà tẹ́. Kò níyọ̀ rárá.

Peng ló máa ń fi iyọ̀ sí i nígbà ayé rẹ̀, gẹ́rẹ́ tí wọ́n bá ti sọ ìkòkò kalẹ̀. Ó ní iyọ̀ máa ń pọ̀ jù lọ́wọ́ ìyàwó òun. Látìgbà tó sì ti kú, Xiuzhen kò tíì se ọbẹ̀ yìí fún alààyè kankan. Ọdún méje ló ti fi ń gbé ọbẹ̀ tí kò níyọ̀ lọ fún un.

"Ó ti tó, Màmá. Ẹ ṣeun. Ẹ máa lọ."

Xiuzhen kò kúrò lójú kan. Inú ṣì ń bí i, kò kàn mọ ẹni tó fẹ́ bá jà mọ́ ni.

"Ọmọ mi," ó ní, "níbo ni mo ti lè rí iyọ̀ nítòsí ibí?"